Ọṣẹ Ìfọyín Inú Gíláàsì

Ìbà ọṣẹ ìfọyín tí ẹnikẹ́ni kò fi fọ eyín rí. Ìbà rẹ, ìwọ tí o wọ ọkọ̀ òfuurufú nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì wọ̀ ọ́, tí o ré òkun kọjá láì fi ẹsẹ̀ kan omi, tí o gúnlẹ̀ sí Narayi ní Kaduna tí ẹnikẹ́ni kò gbé ọ lọ sí ilé ìwẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé ń jìyà lọ́wọ́ wa láràárọ̀. À ń fún wọn lọ́rùn, à ń ká wọn nírù, à ń fi ìdí ife lọ̀ wọ́n títí ẹ̀mí fi bọ́ lára wọn. Ìwọ wà lórí ìtẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀, láàárín àwo tangaran tí a kì í fi jẹun àti Bíbélì ńlá tí a kì í ṣí. Àlejò á wọlé, á kí ọ kó tó kí onílé. Kòkòrò eyín kò gbúròó rẹ rí, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé o ti dé.

Màmá mi ló ni kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń fi ọṣẹ náà ránṣẹ́ láti London, níbi tó ti lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín nígbà tí mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Àwa méjì péré ni Màmá bí. Èmi dúró sí Kaduna, mo lọ sí yunifásítì, mo gba oyè nínú lítíréṣọ̀, mo sì wá ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ́nà Afaka bí a ṣe ń kọ lẹ́tà tí kò ní àṣìṣe. Dókítà ni Màmá ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Tíṣà ni wọ́n ń pe èmi. Wọn kò ní èrò búburú kan lọ́kàn. Ó kàn jẹ́ pé wọ́n máa ń nàró kí wọ́n tó pe ti àkọ́kọ́, ti èkejì sì ni wọ́n máa ń pe láti ìdí ààrò.

Ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Kakuri ni Màmá ti lo ìgbà èwe wọn, kó tó di pé ilẹ̀kùn rẹ̀ tì pa. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n jókòó sídìí tábìlì tí iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀, kí aṣọ máa gba iwájú wọn kọjá, kí wọ́n sì máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí òwú bá ti já. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́ òfin sítọ́ọ̀: ohun tó bá wọlé gbọ́dọ̀ ní àkọlé ọjọ́ tó wọlé, èyí tó bá sì kọ́kọ́ wọlé ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ilé-iṣẹ́ kú, òfin kò kú. Nílé wa, gààrí ní àkọlé, ìṣáná ní àkọlé, oògùn ibà ní àkọlé. Ọṣẹ Dókítà náà ní tirẹ̀. Ìgbà Kérésìmesì ni ẹni tó bá ń bọ̀ wálé máa ń bá a gbé e wá, ẹyọ kan tàbí méjì, Màmá á sì fi bírò kọ oṣù àti ọdún sórí bébà pélébé kan, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára.

Àwa Yorùbá àdúgbò wa ní ẹgbẹ́ kan, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, tó ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti ilé dé ilé. Nígbàkígbà tó bá kan ilé wa, kọ́bọ́ọ̀dù ni gbogbo ojú máa ń wò. Láìpẹ́, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eyín wọn wá. Màmá á pe Dókítà lórí fóònù, wọ́n á gbé ohùn rẹ̀ sókè kí pálọ̀ lè gbọ́, aláìsàn á sì ya ẹnu sí fóònù náà bí ẹni pé ó lè rí i. Ìdáhùn kan náà ni Dókítà máa ń fún gbogbo wọn: kí wọ́n fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ ẹnu, kí wọ́n sì máa fọ eyín láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìyá alákàrà ìsàlẹ̀ àdúgbò ń fúnni ní ìmọ̀ràn yìí lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ti ìyá alákàrà kò gba orí òkun kọjá kó tó dé etí wa. Àwọn aládùúgbò wa tí kì í ṣe Yorùbá pàápàá ń wá bi Màmá ní Hausa pé kí ni likita, dókítà náà, wí. Màmá á ní, "Ruwan gishiri," omi iyọ̀ náà ni, wọ́n á sì dúpẹ́ gidigidi.

Èmi a máa fi gbogbo rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́. Mo ní ìyá mi dá ọsibítù eyín sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Èmi kò rí i pé ẹnikẹ́ni lè tibẹ̀ kú.

Ohun kan wà tí ẹni tó bá ka ara ọṣẹ ìfọyín yóò rí, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin iná orí: kí a tọ́jú rẹ̀ síbi tó tutù, tó gbẹ, kí oòrùn má ta sí i, kí a sì dé e dáadáa. Fèrèsé pálọ̀ wa kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Láti aago mẹ́ta ọ̀sán ni oòrùn ti ń wọ inú gíláàsì yẹn, Màmá kì í sì í fa kọ́tìnì, nítorí ìmọ́lẹ̀ ló ń mú kí páálí ọṣẹ náà dán. Ọṣẹ ìfọyín tó jáde lónìí lè lò tó ọdún méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, omi inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, ohun tó ń dáàbò bo eyín á máa rẹ̀ sílẹ̀, ooru á sì mú gbogbo rẹ̀ yá kánkán. Kò ní di májèlé. Kò ní pa ẹni tó fi fọ ẹnu. Kò kàn ní ṣe nǹkan kan fún un mọ́, onítọ̀hún á sì máa rò pé ó ń tọ́jú ara rẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, nínú oṣù kẹta, ooru mú bí ẹni pé òjò kò ní rọ̀ mọ́ láyé. Mo ṣàkíyèsí pé Màmá ń rẹ búrẹ́dì sínú tíì, wọ́n sì ń fi ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan jẹ ẹ́. Nígbà tó yá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún wú. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ló fẹ́ sí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo bá wọn níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, ìlẹ̀kùn gíláàsì wà ní ṣíṣí. Nítorí pé ọ̀rọ̀ eyín náà ti le, wọ́n ti pinnu láti lo ọṣẹ Dókítà, wọ́n sì tẹ̀lé òfin sítọ́ọ̀: èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni wọ́n mú. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Omi pupa rúsúrúsú ló kọ́kọ́ jáde. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ohun kan tó rí bí ẹfun tútù já bọ́ sórí búrọ́ọ̀ṣì, òórùn rẹ̀ bí oògùn tó ti pẹ́ nínú àpò.

Wọ́n rí mi. "Tíṣà, má wò mí bẹ́ẹ̀. Ọṣẹ dókítà ni."

Obìnrin tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa yà wá kí wa, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà, ó sì sọ fún Màmá ní Hausa pé kí wọ́n lọ sí asibiti, ọsibítù. Màmá dá a lóhùn ní Hausa bákan náà pé ìyá likita kì í tò sórí ìlà ní asibiti. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Màmá kò dé apá ọ̀tún ojú wọn.

Ìpàdé ẹgbẹ́ ń bọ̀ nílé wa. Lọ́jọ́ náà ni àwọn ẹgbẹ́ fẹ́ fi Màmá jẹ Ìyá Ẹgbẹ́, èmi tí mo lọ sí yunifásítì sì ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn, kí n sì kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn. Mo ti kọ ọ́ tán. Ó ku ká nu kọ́bọ́ọ̀dù. Màmá kò lè tẹ orí ba, torí ìrora náà máa ń ṣàn wá síwájú bí omi inú kèrègbè. Ní Sátidé, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí ìpàdé pé, mo mú aṣọ ìnulẹ̀, mo nù ún fúnra mi.

Mo yọ àwọn ọṣẹ náà kúrò nínú páálí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlá ni. Ìdí gbogbo wọn, níbi tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ wọ́n pa, tí wọ́n sì tẹ déètì ọjọ́ tí àkókò wọn á pé sí, ló ti kọjú sí ògiri kí n tó fà wọ́n yọ. Ẹ̀fẹ̀ ni mo ń wá tí mo fi ka àkọ́kọ́: mo fẹ́ mọ iye ọdún tó ti bàjẹ́, kí n lè lọ sọ ọ́ níbi iṣẹ́. Àkọlé Màmá ní Kérésìmesì ló wọlé. Déètì tó wà lára rẹ̀ ní oṣù kìíní, oṣù tó tẹ̀lé Kérésìmesì yẹn gan-an. Mo mú èkejì. Oṣù kejì. Ẹ̀kẹta, oṣù kìíní. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé inú oṣù tó wọ ilé wa gan-an ni àkókò rẹ̀ pé.

Mo tò wọ́n sórí tábìlì láti àgbà dé àbúrò. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó ní ju oṣù mẹ́ta lọ lára lọ́jọ́ tó dé. Ohun tó yẹ kó lo ọdún méjì, ní gbogbo ọdún, ló ń dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tó ń mí èémí ìkẹyìn. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, a lè ní kòńgẹ́ ni. Mọ́kànlá kì í ṣe kòńgẹ́. Mo bi ara mi pé irú dókítà wo ló máa ń ra ọṣẹ tó fẹ́ kú fún ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo bi ara mi pé ta ni kì í rà á, ta ni irú rẹ̀ kàn máa ń bọ́ sí lọ́wọ́. Mò ń gbọ́ bí Màmá ṣe ń fi ẹnu mí nínú yàrá.

Mo dá gbogbo rẹ̀ padà bí mo ṣe bá a, ìdí sí ògiri. Ìgbà yẹn ló tó sọ sí mi lọ́kàn pé Màmá ló tò wọ́n bẹ́ẹ̀, Màmá tí ojú wọn ń rí òwú kan ṣoṣo tó já nínú ọ̀pá aṣọ odindi. Mi ò bi wọ́n bóyá wọ́n ti kà á. Títí di òní, mi ò tíì bi wọ́n.

Mo jáde lọ sí oríta, níbi tí àwọn oníkéké ti ń pe èrò Kakuri, kí ariwo lè bo ohùn mi, mo sì pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Bọ̀dá, níbo lẹ ti ń rí ọṣẹ tí ẹ ń fi ránṣẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti tán ni? Ẹ ti wá ń lò ó?"

"Mo ka déètì gbogbo wọn."

Mo wo fóònù bóyá ó ti gé. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́, kò fi pa mọ́, bí ẹni pé ó ti ń dúró de ẹni tí yóò bi í. Ilé ìtajà ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rìn láàárín àwọn pẹpẹ ọjà, kó máa yọ èyí tí déètì rẹ̀ bá fẹ́ pé kúrò, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mú lára ohun tí wọ́n bá fẹ́ dà nù. Ó lọ sílé-ẹ̀kọ́ dókítà eyín lóòótọ́. Ọdún kan àbọ̀ ló lò níbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ sọ. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni òun pe Màmá láti sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Màmá sì ti pe òun ní Dókítà kí òun tó kí wọn tán.

Mo ní, "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá wú."

"Ó wú dé ibo?"

"Ó ti ń sọ̀ lọ sí ọ̀nà ọrùn."

"Mú wọn lọ sí ọsibítù lónìí. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n mo kọ́ ìyẹn."

"Wọn ò ní gbọ́ tèmi. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún wọn. Ẹ̀yin ni dókítà."

Mo mọ ibi tí gbólóhùn yẹn máa dùn ún dé. Ó ní òun á pè wọ́n.

Ó pè lóòótọ́, kí oòrùn tó wọ̀. Màmá gbé ohùn rẹ̀ sókè bí ìṣe wọn. Mo dúró lẹ́yìn àga, mo di ẹ̀yìn àga náà mú. Ẹ̀gbọ́n mi kí wọn, kí ó tó sọ ohun tó fẹ́ sọ ni Màmá ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Dókítà, àwọn ará ibí ní kí n lọ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ yọ eyín ìyá rẹ. Kí lo wí?"

Fóònù náà ń dún ṣíì. Mo lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi lè sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ẹ ṣì máa fi omi iyọ̀ yọ ẹnu ná, Màmá."

Màmá yíjú sí mi, ìdajì ojú wọn ń rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, kò sí atẹ́gùn kankan ní Kaduna. Ewé máńgòrò ẹ̀yìnkùlé dúró bí ohun tí a yà sára ògiri. Mo máa ń ti Afaka dé lọ́sàn-án, ohun àkọ́kọ́ tí mo sì máa ń wò ni ọrùn Màmá. Ní Túsìdeè, wíwú náà ti kọjá eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní Wẹ́sìdeè, ó ti le bí pákó, ó sì ń dán. Kókó, ẹ̀kọ mímu, nìkan ni wọ́n ń fi ṣe oúnjẹ, ohùn wọn sì dà bí ti ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Láàárọ̀ àti lálẹ́ wọ́n ń fi ọṣẹ àtijọ́ yẹn fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà omi iyọ̀. Mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè yẹn, mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù. Ẹ má dá Bọ̀dá lóhùn."

Wọ́n wò mí pẹ́. "Ṣé o mọ ohun kan tí Dókítà ò mọ̀ ni?"

Ìbéèrè náà ṣe kedere. Kò sí bí wọ́n ṣe lè tún un béèrè kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní rárá.

Èmi tí mo máa ń fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìdí tèmi. Nígbà tí a lọ tọrọ ìyàwó mi, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí alága ìdúró wa sọ nípa mi ni pé dókítà eyín ni ẹ̀gbọ́n mi ní London, mo sì rí bí àwọn àna mi ṣe tún ìjókòó wọn ṣe. Àwọn àna náà yóò wà ní ìpàdé Sọ́ńdè. Ìtàn ìgbésí ayé Màmá wà nínú báàgì mi. Gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tó sọ pé Màmá ni ìyá àkọ́kọ́ ní àdúgbò wa tó bí dókítà eyín. Ní Sátidé, mo tún ka bébà náà, bírò wà lọ́wọ́ mi. Mo tún àmì ohùn méjì ṣe nínú gbólóhùn yẹn, mo sì fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Màmá fi sìkáàfù so àgbọ̀n wọn mọ́ orí. Ibà wà lára wọn. Mo mọ̀, torí mo di ọwọ́ wọn mú nígbà tí wọ́n ń jókòó. Mo ka ìwé náà dáadáa. Nígbà tí mo dé ibi gbólóhùn náà, mo dúró díẹ̀ kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́, wọ́n sì pa á. Lẹ́yìn náà, ìyá àgbàlagbà kan tọ Màmá wá, ó ní kí wọ́n bá òun pe Dókítà nítorí eyín ọmọ-ọmọ òun. Màmá kò lè fọhùn. Wọ́n na ọwọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì mi orí sókè sísàlẹ̀, bí ẹni pé ìdáhùn wà níbẹ̀.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Màmá kò lè gbé itọ́ mì. Ahọ́n wọn ti gòkè, bí ẹni pé nǹkan kan ń tì í láti ìsàlẹ̀, wọ́n sì ń na ọrùn kí èémí lè rí ọ̀nà gbà. Mọ́tò obìnrin ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni a fi gbé wọn. Ó wa ọkọ̀ náà láì sọ ọ̀rọ̀ kan. Ì bá sàn fún mi bó bá bú mi.

Dókítà tó wà níbẹ̀, ọmọbìnrin tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, kò jẹ́ kí a jókòó. Wọ́n gbé Màmá wọlé lọ́wọ́ kan náà, wọ́n là wọ́n lábẹ́ àgbọ̀n, wọ́n fa ọyún jáde, wọ́n sì yọ eyín mẹ́ta. Màmá yè é. Títí dòní, ẹnu wọn kò ṣí ju ìka méjì lọ. Búrọ́ọ̀ṣì ọmọdé ni wọ́n ń lò, ojú àpá náà sì fà wọ́n lọ́rùn bí ibi tí aṣọ ti súnkì.

Nígbà tí dókítà náà jáde, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì sọ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì, láì gbé ohùn sókè, pé ká ní a gbé wọn wá ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni, ẹyọ eyín kan ṣoṣo ni òun ì bá yọ, Màmá ì bá sì ti padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ó wá ṣí fáìlì, ó mú bírò, ó bi mí pé ta ló ń tọ́jú wọn láti ọjọ́ yìí, ta ló sì ní kí a dúró.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Dókítà eyín ni, ní London."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo dúró wò ó títí ó fi kọ ọ́ tán. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo ti mọ̀ pé irọ́ ni, èmi náà sì tún pa á.